Fóònù Mẹ́ta, Ìpè Kan

Ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Olóhùn-iyọ̀, nítorí pé láti kékeré ni ohùn rẹ̀ ti máa ń dùn létí. Ohùn náà ló sì jẹ́ kó ríṣẹ́. Yàrá kan wà ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń tún páìpù omi ilé onílé ṣe. Ibẹ̀ ni òun àti àwọn obìnrin mìíràn máa ń jókòó yí tábìlì gígùn kan ká, tí wọ́n kọjú síra wọn, fóònù níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni àwọn fóònù náà ti ń ṣiṣẹ́. Bí ẹni tí omi ń ya wọ yàrá rẹ̀ bá pè, gbogbo fóònù orí tábìlì á figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà bí agbo àkùkọ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá jù á gbé e, ti àwọn tó kù á sì dákẹ́. Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n fi ń kọ́ ẹni tuntun níbẹ̀: "Ìpè tó bá ti dákẹ́, ó ti rọ́wọ́ tó gbé e nìyẹn. Máa bá tìẹ lọ."

Ọ̀rọ̀ yìí ni Olóhùn-iyọ̀ gbé délé.

Ìyá rẹ̀ ti fi ẹ̀rọ ìránṣọ tọ́ ọmọ mẹ́ta dàgbà. Àkọ́bí, tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, ń wa tírélà, Olóhùn-iyọ̀ ló tẹ̀ lé e, àbíkẹ́yìn sì jẹ́ onígbàjámọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Bàbá wọn ti kú. Ẹsẹ̀ Màmá ò gbé e dáadáa mọ́, dókítà sì ti sọ fún wọn pé ọkàn rẹ̀ ti ń rẹ̀ ẹ́, pé oògùn ló ń gbé e dúró. Síbẹ̀ ó kọ̀, kò ní í kó kúrò nínú ilé tó ti bí wọn. Ó ní igi tó ti gbó kì í ṣe ohun tí wọ́n ń hú lọ gbìn síbòmíràn.

Ìdí nìyẹn tí Olóhùn-iyọ̀ fi gba nọ́ńbà kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ẹbí wọn. Ó ra fóònù kékeré fún Màmá, ó fi nọ́ńbà náà sábẹ́ bọ́tìnì pupa kan. Bí Màmá bá tẹ̀ ẹ́, fóònù àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò dún pa pọ̀.

Màmá yí fóònù náà síwá sẹ́yìn lọ́wọ́. Inú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dùn. "Èmi ò fẹ́ kí n máa pe gbogbo ayé. Ẹ fún mi ní ẹnì kan. Lónìí, ìwọ, lọ́la, àbúrò rẹ. Kí n mọ ẹni tó ni mí lọ́jọ́ náà. Ewúrẹ́ àjọní, ebi ní í pa á."

"Màmá, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà," Olóhùn-iyọ̀ dá a lóhùn. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá pín ọjọ́, ìjà ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. "Ẹni mẹ́ta ò lè dití lẹ́ẹ̀kan náà."

Onígbàjámọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ọmọ yín ti sọ yín di iléeṣẹ́. Ẹ ṣọ́ra kó má baà ní kí ẹ dúró díẹ̀, kó wá máa kọ orin sí yín létí."

Ohun kékeré kan tún wà níbẹ̀. Nígbà tí Olóhùn-iyọ̀ ń to nọ́ńbà náà, ojú ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń lò bi í bóyá ó fẹ́ kí ẹni tó bá gbé ìpè kọ́kọ́ tẹ oókan kí ìpè tó wọlé. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ kejì ni Ẹ̀gbọ́n pariwo lé e lórí.

"Kí n fi ẹrù tó kún ẹ̀yìn mi sílẹ̀ kí n máa wá oókan kiri ojú fóònù? Ṣé o fẹ́ jogún mi ni?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Kí ni mo fẹ́ jogún lára yín, táyà?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì yọ ọ́ kúrò. Kò bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí wọ́n fi fi í síbẹ̀.

Níbẹ̀rẹ̀, ó dára bí ẹni pé kí ó má tán. Màmá á pè pé bọ́tìnì ẹ̀wù òun já, tàbí pé òjò ti ń ṣú, kí wọ́n ká aṣọ wọn. Wọ́n tilẹ̀ ń bá ara wọn dù ú. Ẹni tó bá gbé e á fi ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn tó kù títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá Ẹ̀gbọ́n gbé e lọ sí ọ̀nà tuntun, ọ̀nà orí òkè tó jìn. Láti ìgbà náà, bí Màmá bá pè, fóònù Olóhùn-iyọ̀ á dún kíń, á sì dákẹ́.

Onígbàjámọ̀ pè é lọ́jọ́ kan. "Ẹ gbọ́, ṣé orí fóònù ni Ẹ̀gbọ́n ń sùn ni? Mi ò tíì ju abẹ sílẹ̀ tó ti gbé e."

"Àkọ́bí ni. Ó fẹ́ gba àdúrà tiwa mọ́ tirẹ̀."

"Kò burú. Bó bá ti gba àdúrà tán, kó wá máa gba ariwo oníbàárà tèmi náà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìtura ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́ fún àwọn méjèèjì, àmọ́ kò sí èyí tó jẹ́wọ́ rẹ̀ fún èkejì.

Ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, Olóhùn-iyọ̀ lọ kí Màmá. Ó bá a lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ti fẹ̀ jù ú lọ.

"Màmá, ẹ rù. Ṣé ẹ̀gbọ́n mi ń gbé ìpè yín dáadáa?"

"Ó ń gbé e. Kì í jẹ́ kó pẹ́ rárá. Ìkánjú ló kàn pọ̀ fún un. Á ní, 'Ẹ sọ ohun tí ẹ bá fẹ́ sọ, mo máa gbọ́ ọ.' Èmi náà á sì sọ ọ́. Kì í fèsì." Ó na aṣọ orí itan rẹ̀ tẹ́. "Ojú ọ̀nà ló ń wò, ọmọ mi. Iṣẹ́ ọkọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀."

"Ṣé kò sí ohun tí ẹ ń fẹ́?"

"Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Á sọ fún yín."

Inú bí Olóhùn-iyọ̀ sí Ẹ̀gbọ́n. Lójú ọ̀nà ilé, ó kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i pé kí ó máa dá Màmá lóhùn bí ọmọ gidi. Ó pẹ́ kí èsì tó dé. "Ó dáa," ni Ẹ̀gbọ́n kọ. Olóhùn-iyọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, òtútù ti sọ omi di yìnyín, ó sì ti bẹ́ páìpù káàkiri ìlú, fóònù orí tábìlì ò sì sinmi. Fóònù tirẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ó tún gbọ̀n, ó tún dákẹ́. Obìnrin tó kọjú sí i wò ó.

"Màmá mi ni," Olóhùn-iyọ̀ sọ, ó fi ọwọ́ bo ẹnu ẹ̀rọ. "Ẹ̀gbọ́n mi ti gbé e."

"Ẹ̀gbọ́n tó dáa lo ní o. Tèmi, bó o bá fi iná sí i lára, á ní kó o pe òun padà."

Fóònù náà tún gbọ̀n, bí eṣinṣin tó fara gbá gíláàsì. Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbọ̀n mọ́. Ìpè tó bá ti dákẹ́, ó ti rọ́wọ́.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí gbogbo fóònù tábìlì tún figbe ta. Ọwọ́ Olóhùn-iyọ̀ ló yá jù.

"Ẹ káàsán o. Kí ló ṣẹlẹ̀ nílé yín?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè rán èèyàn wá," ọkùnrin kan sọ. "Omi ń ṣàn jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn aládùúgbò mi. Mo ti kànlẹ̀kùn títí, wọn ò dáhùn."

Ó mú bírò. Ó fi ohùn dídùn béèrè àdírẹ́sì, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́. Ọkùnrin náà sì pe orúkọ òpópónà tí wọ́n bí Olóhùn-iyọ̀ sí, ó pe nọ́ńbà ilé, ó ní ti ìsàlẹ̀ ni, ti ìyá arúgbó tó ń ránṣọ nígbà kan. Ìgbà náà ló mọ̀ pé ohùn Káfíńtà, aládùúgbò Màmá, ni. Bírò dúró. Ó fi fóònù sílẹ̀, ó sáré jáde.

Káfíńtà ti já ilẹ̀kùn kí Olóhùn-iyọ̀ tó débẹ̀. Màmá dùbúlẹ̀ láàárín àga rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́. Ife kan wà nínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ omi ṣì ń ṣàn lókè. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ lórí bọ́tìnì pupa. Ó ti tutù. Dókítà tó wá wò ó ní, "Bí ẹnì kan bá ti tètè..." Ó wo ojú Olóhùn-iyọ̀, ó sì pa àpò rẹ̀ dé.

Ní ọjọ́ kejì ni Ẹ̀gbọ́n dé, eruku ọ̀nà ṣì wà lára rẹ̀. Kò tíì jókòó tí Olóhùn-iyọ̀ fi dìde sí i.

"Kí ni Màmá bá yín sọ láàárọ̀ àná?"

"Èmi?"

"Ẹ̀yin lẹ gbé e! Ẹ̀yin lẹ máa ń gbé e!"

"Mi ò gbé nǹkan kan." Ojú rẹ̀ dà bí ti ọmọdé. "Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí òkè yẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi lọ síbẹ̀, mi ò gbọ́ ohùn Màmá. Ìgbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ wá ra epo ni mo rí ọ̀rọ̀ rẹ pé kí n máa dá wọn lóhùn, mo rò pé nígbà tí mo bá dé ni. Mo ní ẹ̀yin méjèèjì wà nílé."

Onígbàjámọ̀ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Àmì àpòòwé kékeré kan wà lókè rẹ̀ tí Ẹ̀gbọ́n kò ṣí rí láyé. Ó tẹ̀ ẹ́. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ni ohùn Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀, èyí tó gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ tó ra fóònù: "Ẹ sọ ohun tí ẹ bá fẹ́ sọ, mo máa gbọ́ ọ." Lẹ́yìn náà, Màmá.

"Ọmọ mi, oògùn mi ti fẹ́ẹ́ tán. Sọ fún àwọn àbúrò rẹ."

"Oògùn ti tán o. Má bínú, mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ dí."

"Mo ní kí n kàn kí ọ ni. O ò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín fún mi mọ́."

Èyí tó gbẹ̀yìn, ìró omi ló ṣáájú rẹ̀, àti èémí tó ń wọ́ ara rẹ̀ nílẹ̀. "O ní kí n sọ̀rọ̀. Àyà ń dùn mí. Ṣé ò ń gbọ́ mi? Kì í ṣe gbogbo yín ni kó wá. Kí ẹnì kan ṣáà wá."

Kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé fún Olóhùn-iyọ̀. Bí fóònù Ẹ̀gbọ́n ò bá ti rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ ló ń gbé ìpè kíákíá, kí èèyàn tó na ọwọ́. Nọ́ńbà ẹbí rò pé ọmọ ló gbé e, ó sì pa àwọn fóònù tó kù lẹ́nu mọ́. Ẹ̀rọ ò ní ìka tó lè fi tẹ oókan. Ní yàrá iṣẹ́, bí ìpè bá dákẹ́, wọ́n ń gbójú sókè, wọ́n ń rí ọwọ́ tó gbé e. Àwọn ọmọ Màmá ò rí ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Ó ṣí ojú ìwé náà lórí fóònù rẹ̀, ó wá ibi tí ó ti yọ oókan kúrò, ó dá a padà.

"Kí lẹ ń ṣe?" onígbàjámọ̀ bi í.

"Mò ń tún un ṣe."

"Fún ta ni?"

Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu omi tó kù lára fóònù Màmá, ó sì tẹ bọ́tìnì pupa. Fóònù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dún pa pọ̀ nínú yàrá náà, ọ̀kan lórí tábìlì, ọ̀kan lápò, ọ̀kan lórí itan. Wọ́n dún kíkankíkan, wọn ò sì dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n wo onígbàjámọ̀, onígbàjámọ̀ wo Olóhùn-iyọ̀. Olúkúlùkù wọn ń retí pé kí ẹlòmíràn gbé e.