Tíì Ìyàwó

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìyá ọkọ tó burú ni èyí tó ń pariwo, ẹ sọ fún un pé kò tíì rí nǹkan kan. Ìyá Akínbọ́lá kò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé rẹ̀ ní Òkè-Ìlá, mi ò gbọ́ kí ó gbé ohùn sókè lọ́jọ́ kan. Ohùn tó fi ń pe àwọn adìyẹ rẹ̀ wá jẹ àgbàdo náà ló fi ń bá ìyàwó ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ò sì ń kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rín náà ni mi ò fẹ́ràn, kí n má parọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ tèmi, èmi ayálégbé?

Àgbo ló fi lókìkí. Láti Ìyìn títí dé Ìlawẹ̀, bí ibà bá mú ọmọ ẹni, tàbí tí jẹ̀díjẹ̀dí kò jẹ́ kí baálé ilé jókòó, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Ó mọ dóńgóyárò, ó mọ ewúro, ó mọ orúwo, ó mọ ewé tí wọ́n ń sè àti èyí tí wọ́n ń fi omi tútù fún. Òfin kan ló sì dì mú: kò ní gbé ife lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láì kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú onítọ̀hún. Yóò da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, yóò fà á mu, yóò ní, "Ó ti kọjá lọ́nà ọ̀fun mi, kó kọjá ní tìẹ." Bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe é nìyẹn, kí ẹni tó ń gba nǹkan jíjẹ tàbí mímu má bàa fòyà. Àgbàlagbà tó bá sì tọ́ nǹkan wò lójú ẹni, ìbéèrè wo lèèyàn tún fẹ́ bi í?

Oore-ọ̀fẹ́ ni orúkọ ìyàwó náà. Ọmọ Ìgèdè ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, òun fúnra rẹ̀ ò sì ju ọmọdé lọ nínú ọkàn: ohun tí ẹ bá wí fún un náà ló gbà gbọ́. Ìyá Akínbọ́lá ti fojú sí ọmọ ẹlòmíràn fún ọmọ rẹ̀, ọmọ obìnrin kan tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ ìyá ní ìjọ Àgùdà. Akínbọ́lá lọ mú ọmọ Pẹ́ńtíkọ́sì tí kò mọ rósárì kà wá sílé. Gbogbo wa ń retí ìjà, a ò rí ìjà. Bí ìgbéyàwó ṣe parí ni ìyá pe ìyàwó sí ẹ̀yìnkùlé, ó fi ebè ewé tíì tó gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri hàn án. Ó ní láàárọ̀ láàárọ̀ lòun yóò máa se tíì fún un.

"Kí ulé ọmọ rẹ lè mọ́," ó ní, "kí o tètè bímọ fún mi."

Bí mo bá ti ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, òórùn tíì náà á ti gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, òórùn tó dùn mọ́ni. Ewé tíì ni, oyin díẹ̀, àti egbò igi kan tí ìyá máa ń rà lọ́jà Ọba, tó máa ń fi ọ̀bẹ ha sínú ìkòkò. Oore-ọ̀fẹ́ á kúnlẹ̀. Ìyá á tọ́ ọ wò, á gbé e fún un, á dúró títí yóò fi mu ún tán. Àwọn obìnrin àdúgbò ń sọ pé irú ìyá ọkọ báyìí, àfi tí Ọlọ́run bá fẹ́ràn èèyàn.

Ọdún ń gorí ọdún, Oore-ọ̀fẹ́ kò lóyún. Ó gbààwẹ̀ títí ọrùn rẹ̀ fi dà bí ọrùn ìgò. Gbogbo àkànṣe àdúrà tí ìjọ rẹ̀ ṣe fún àwọn tó ń wá ọmọ ló lọ. Nígbà tó yá, ìyá ọkọ rẹ̀ pè é jókòó, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì ṣàlàyé fún un pẹ̀lú ẹ̀rín pé bí Kérésì bá dé tí wọn ò rí nǹkan kan, Akínbọ́lá yóò mú ọmọ ìjọ Àgùdà tí òun ti kọ́kọ́ fojú sí fún un wá sílé. Kì í ṣe pé wọ́n lé e o. Kó kàn padà sí Ìgèdè lọ sinmi ni. Akínbọ́lá wà níjókòó, ó ń fi èékánná ha orí tábìlì. Mo ti rán ṣòkòtò fún ọkùnrin púpọ̀ láyé mi, mi ò mọ ohun tí irú àwọn yìí ń fi ṣòkòtò ṣe.

Nígbà òjò ni Títílọpẹ́ dé. Òun ni ọmọ obìnrin kan ṣoṣo tí ìyá náà bí, Ìyìn ló wà nílé ọkọ. Ó ti pẹ́ kí òun náà tó lóyún, oyún náà sì ń yọ ọ́ lẹ́nu, ni ìyá rẹ̀ bá ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun títí yóò fi sọ̀kalẹ̀. Èmi ni ìyá ní kí n wọ̀n ọ́n fún aṣọ aboyún. Ó ní kí n fi àyè sílẹ̀ dáadáa níbi ikùn, torí ọmọ ńlá ló ń bọ̀. Oore-ọ̀fẹ́ ló bá mi di etí tépù mú. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀.

Bó ṣe di pé ife méjì ń jáde láàárọ̀ nìyẹn. Àgbo aboyún nínú ife funfun, ti Títílọpẹ́. Tíì nínú ife aláwọ̀ ewé, ti ìyàwó. Ìyá á tọ́ méjèèjì wò lójú wọn. Kì í wá dúró mọ́, torí àgbo Títílọpẹ́ gbóná púpọ̀, ó ní láti tutù díẹ̀, agogo Máàsì sì ti ń dún. Á fa ìborí rẹ̀ sórí, á gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Àgbo aboyún yẹn korò bí òtítọ́. Títílọpẹ́ á gbé e dé ẹnu, á sáré lọ bì lẹ́yìn ilé. Láti ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù mi ni mo ti rí wọn lọ́jọ́ tí Oore-ọ̀fẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé, "Àǹtí Títí, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀. Tèmi dùn. Bóyá ohun tó gbé ọmọ dúró sínú yín á bá mi pe ọmọ wá."

Títílọpẹ́ gba ife aláwọ̀ ewé, ó mu ún, ó dúró nínú rẹ̀. Oore-ọ̀fẹ́ di imú, ó da àgbo kíkorò náà sọ́fun, ojú rẹ̀ sì fún pọ̀. Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín bí ọmọléèwé tó jí ẹran nínú ọbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ìyá bá ti yọ ẹsẹ̀, wọn á pààrọ̀. Ẹnìkan ń sá fún ìkorò, ẹnìkan ń wá a kiri, kò sí ìkà kankan nínú rẹ̀.

Òṣùpá tó tẹ̀ lé e kò tíì wọ̀ tán tí ẹ̀jẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára Títílọpẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n gbé e padà láìsí oyún. Aṣọ tí mo rán fún un ṣì wà lórí hángà mi, ẹ̀rọ ò tíì kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá kò dá iná àgbo fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ó jókòó ti ọmọ rẹ̀ nínú yàrá, ó sì ń bi Ọlọ́run léèrè pé kí lòun ṣe.

Àárín ọ̀fọ̀ yìí ni Oore-ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Kó tó sọ fún ọkọ rẹ̀ ni tépù mi ti mọ̀, torí igbáyà rẹ̀ ti kọjá ibi tí mo wọ̀n ọ́n dé tẹ́lẹ̀. Ó lọ ṣe àyẹ̀wò, wọ́n ní oyún ni. Ó wá sọ fún mi nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun ò mọ bí òun ṣe máa yọ̀ nínú ilé tí wọ́n ti ń sunkún.

Ìyá Akínbọ́lá ló wá ọ̀nà tí kò fi ní yọ̀. Ó ránṣẹ́ pe àbúrò ọkọ rẹ̀, Bàbá Ọláyẹmí, olórí ẹbí. Wọ́n pe èmi náà, torí ojú ṣọ́ọ̀bù mi kì í di. Títílọpẹ́ jókòó sórí àga, ó ti gbẹ. Oore-ọ̀fẹ́ kúnlẹ̀ láàárín.

Ìyá kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Oyún kè í fẹsẹ̀ rìn. Ó kúrò nínú ọmọ mi, ó wọ inú eléyìí. Ẹ ní kó sọ fún wa ọ̀nà tó fi gbé e."

Gbogbo wa mọ orúkọ tó ń pe ìyàwó náà. Bàbá Ọláyẹmí ní bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn ò lè fi àjẹ́ sílé kó máa jẹ wọ́n lọ́mọ tán. Kó kẹ́rù rẹ̀ tòun ti oyún kó máa lọ sí Ìgèdè lónìí. Akínbọ́lá wo ilẹ̀. Ọmọ tí Oore-ọ̀fẹ́ fi gbogbo ọdún wọ̀nyẹn sunkún pè ti dé, òun náà ni wọ́n fẹ́ tìtorí rẹ̀ lé e. Inú bí mi débi pé mo di ètè mi mú, kí n má bàa sọ ohun tí wọ́n á fi lé èmi náà.

Oore-ọ̀fẹ́ sunkún, ó ní òun ò ṣe Àǹtí Títí ní ibi kankan. Oore nìkan lòun ṣe é.

"Àgbo rẹ̀ ń mú un bì," ó ní, "mo wá ń fún un ní tíì tèmi. Láàárọ̀ láàárọ̀ ni. Ẹ̀yin lẹ sè é, Yèyé. Ẹ̀yin lẹ sì ń tọ́ ọ wò."

Ẹ̀rín ojú ìyá náà ṣá. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Yèsí ní kí o mu ún? Títí, kè í ṣe tìrẹ nìyẹn. Ti ìyàwó nìyẹn!"

Ẹni tó sọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹyin ọ̀rọ̀ ti balẹ̀. Akínbọ́lá gbé ojú sókè níkẹyìn, ó bèèrè ohun tó wà nínú tíì náà. Ìyá ní kò sí nǹkan kan. Ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́.

"Ṣebí mo ń mu nínú rẹ̀," ó ní. "Gbogbo yín rí mi. Bó bá burú, ṣé mi ò bá ti kú?"

Títílọpẹ́ ló dá a lóhùn. Kò sunkún, kò yára.

"Yèyé, ẹ ti dàgbà. Kí ló kù nínú yín tí tíì yẹn lè pa?"

Ó dìde, ó lọ kó aṣọ rẹ̀. Títí di òní kò padà sí Òkè-Ìlá, kò sì jẹ́ kí ìyá rẹ̀ dé Ìyìn. Akínbọ́lá da egbò náà sínú ṣálángá. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ fún yín, torí mo mọ̀ pé àwọn ìyá ọkọ náà ń kàwé.

Oore-ọ̀fẹ́ bí ọmọkùnrin. Ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n kó lọ sí Baṣírì, òun ló kọ̀. Ó ní ta ni yóò máa tọ́jú Yèyé. Mo ní ìyàwó yìí ti sunwọ̀n jù, oore rẹ̀ ni yóò pa á. Mi ò tíì mọ nǹkan kan nígbà náà.

Láàárọ̀ láàárọ̀, á pọn ọmọ, á gbé ife aláwọ̀ ewé náà wá síwájú ìyá ọkọ rẹ̀, á kúnlẹ̀. Á da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, á fà á mu. "Ó ti kọjá lọ́nà ọ̀fun mi, Yèyé, kó kọjá ní tiyín." Obìnrin náà á gba ife. Kì í mu ún. Á tẹjú mọ́ ọn títí yóò fi tutù. Oúnjẹ tí Oore-ọ̀fẹ́ bá sè, bákan náà ni. Búrẹ́dì tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ rà nìkan ló ń jẹ, eegun ọrùn rẹ̀ sì ti yọ síta.

Kò sí nǹkan kan nínú ife náà ju ewé tíì àti oyin lọ. Mo mọ̀, torí èmi ni mo ń bá a já ewé náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ní ó yẹ ká sọ fún màmá yìí, kó lè rí nǹkan gbóná fi sẹ́nu kí ebi má pa á kú. Oore-ọ̀fẹ́ ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, ó tún aṣọ ìpọ̀nmọ rẹ̀ so, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà, ojú mi mọ̀ ọ́n.