Láolú Fòfin De "Ẹ"

Ẹ bá mi wo ọmọ yìí o. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n gbé e wá ṣe súpáfáísọ̀ wa nílé iṣẹ́ bísíkíìtì ní Àgídìngbì, ó ti ń bá "ẹ" jà.

Mi ò kórìíra Láolú. Ọmọ Omole ni, níbi tí àwọn olówó ń gbé, ó mọ́ tónítóní, ó ń de tai nínú ooru ààrò. Ó kàwé lórí bí èèyàn ṣe ń darí òṣìṣẹ́, ó sì fẹ́ kí gbogbo wa mọ̀. Ọ̀rọ̀ "tíìmù" kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń lé ni pé kí Màdáàmù Akínfẹ́nwá, tó ni ilé iṣẹ́, kọnfáàmù òun. Títí di ìgbà náà, wọ́n lè ní kó máa lọ sílé nígbàkigbà. Ìyá rẹ̀ ti gbààwẹ̀ sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹni tó ń dà á láàmú ni Bàbá Dàwódù, tó wà nídìí ẹ̀rọ tí ń di bísíkíìtì sínú ọ̀rá. Bàbá á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kúrò lọ́nà." Láolú á dáhùn pé, "Ẹ má bínú, sà." Ta wá ni ọ̀gá nínú wọn? Èmi gan-an ò mọ̀.

Ló bá kó wa jọ láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan. Ó ní nínú tíìmù, kò sí àgbà, kò sí ọmọdé. Ká máa pe ara wa lórúkọ, ká máa sọ "o" síra wa. "Ẹ", ó ní, èèyàn púpọ̀ nìkan la ó máa fi bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà lọ.

Mo wo ẹnu rẹ̀. Èmi Sùlíyá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, kí n la ẹnu mi pe ẹni tó tó bí mi lọ́mọ ní Dàwódù? Asitagafurulahi. Uswat tí a jọ ń to bísíkíìtì sínú páálí ní òun ò ní pe ẹnikẹ́ni mọ́, òun á máa nàka sí èèyàn ni. Bí èmi bá fẹ́ bá Bàbá sọ̀rọ̀, màá wúkọ́. Àlejò tó bá wọlé á rò pé ikọ́ ń jà níbẹ̀. Bàbá ní tiwọn ò bá Láolú sọ nǹkan kan mọ́. Tó bá ti ń bọ̀, wọ́n á kọjú sí ògiri.

Àmọ́ a pa òfin náà mọ́ o. Ẹni tó bá ti ní "ẹ", gbogbo wa ló ń bá wí, gbogbo wa la ó sì ṣe é.

Ọjọ́ tí Màdáàmù wá wò wá, Láolú wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun. Ó ń mú wọn káàkiri, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣàlàyé tíìmù. Bí wọ́n ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, Bàbá Dàwódù kọjú sí ògiri bí ìṣe wọn. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rá há sínú ẹ̀rọ lẹ́yìn wọn. Bísíkíìtì ń wó léra, ó ń fọ́ yángá. Mo wúkọ́. Mo tún wúkọ́. Bàbá ò yíjú. Ni ẹ̀kọ́ ilé bá já bọ́ lẹ́nu mi.

"Ẹ pa á!"

Bàbá pa á lóòótọ́. Gbogbo ilé iṣẹ́ náà pa á. Teslim pa ẹ̀rọ tí ń po ìyẹ̀fun. Ishaq tó wà nídìí ààrò pa bẹ́líìtì tí ń gbé bísíkíìtì kọjá nínú iná. Iná ò kú o, bẹ́líìtì nìkan ló dúró. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, èéfín ti bò wá, odindi ààrò bísíkíìtì ti di èédú.

Màdáàmù fọwọ́ bo imú. "Ta ló ní kí wọ́n pa gbogbo ẹ̀rọ?"

Láolú wò mí. Ó mọ ohùn mi, ta ni ò mọ̀ ọ́n níbẹ̀? Tó bá kàn nàka sí mi, ọ̀ràn ti kúrò lọ́rùn rẹ̀, èmi ni màá di ẹrù mi.

"Èmi ni, mà," ó ní. "Òfin tí mo ṣe ló fà á."

Ó rò ó fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, kò dárúkọ mi. Màdáàmù fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo rí i létí ẹnu wọn, ṣùgbọ́n èédú yẹn ò jẹ́. "A ò tíì lè kọnfáàmù rẹ báyìí," wọ́n ní. "Ó di ọdún tó ń bọ̀ ká tó tún sọ ọ́." Wọ́n bọ́ sínú ọkọ̀ wọn, wọ́n lọ.

Láolú dúró bọrọgidi, omi lé ròrò lójú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an, ojú sì ń tì mí.

Bàbá Dàwódù ló kọ́kọ́ mira. Wọ́n mú ìgbálẹ̀ méjì, wọ́n na ọ̀kan sí i.

"Ọ̀gá, ẹ bọ́ tai yẹn, ẹ wá bá mi gbá èyí."

Láolú bojú wẹ̀yìn, ó ń wò bóyá àwa tó kù ni Bàbá ń bá sọ̀rọ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀.