Ọwọ́ Méjèèjì Ọ̀gá Àgbà

"Má mira," ni Maeng wí. "Bí o bá tún gbé ẹsẹ̀ òsì yẹn, ìsàlẹ̀ òkè lo máa bára rẹ."

Gyutae di okùn ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú, kò mira. Ẹ̀wọ̀n irin eléyín tó so mọ́ bàtà òsì rẹ̀ kí ó má baà yọ̀ ti já, yìnyín sì bo àtẹ̀gùn náà, ó ń dán. Èrò ń bọ̀ lẹ́yìn, àwọn ará ọ́fíìsì wọn wà níwájú, igbó dí lọ́tùn-ún lósì. Ní oṣù kìíní ọdọọdún ni iléeṣẹ́ wọn máa ń gun òkè Chiak. Wọ́n ní kì í ṣe dandan. Ẹni tí kò bá wá ló máa mọ̀ pé dandan ni.

"Ẹnu ọ̀nà òkè nísàlẹ̀ lo ti rà á, àbí?" Maeng ń rẹ́rìn-ín bó ti ń bọ́ irin ẹsẹ̀ òsì tirẹ̀. "Ọjà pọ́ọ́kú. Gbé ẹsẹ̀ wá."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bọ́ tiyín."

"Ta ló kọ́ ta níṣẹ́ láàárín àwa méjèèjì? Gbé ẹsẹ̀ wá, jàre."

Maeng kúnlẹ̀ nínú yìnyín, ó ń so ó mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Gyutae ò lè wo orí àgbà ọkùnrin náà tó ti funfun. Nínú báàgì Gyutae, lábẹ́ ìrẹsì tí ìyàwó rẹ̀ dì fún un, ìwé kan wà níbẹ̀ tó sọ pé Maeng Deoksu fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ lópin oṣù, tinútinú rẹ̀. Lánàá ni Tak, ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ wọn, fún un.

"Ọ̀rọ̀ tìẹ ló máa gbọ́," ni ọ̀gá àgbà wí. "Kó tọwọ́ bọ̀ ọ́ kí a tó sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè lọ́la. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀, orúkọ ẹnì kan ṣáà gbọ́dọ̀ wà lórí irú ìwé yẹn."

Gyutae ò bèèrè orúkọ ta ni.

Láti àárọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Maeng ti sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ku oṣù mẹ́ta. "Mi ò bèèrè púpọ̀," ló ń wí. "Kí òdòdó ńlá tí iléeṣẹ́ máa ń fi ránṣẹ́ síbi ìgbéyàwó ọmọ òṣìṣẹ́ ṣáà dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, kí àwọn àna mi ka orúkọ tó wà lára rẹ̀, kí wọ́n mọ̀ pé baba ìyàwó ṣì níṣẹ́ lọ́wọ́."

Lórí ténté òkè, wọ́n ya fọ́tò nídìí òkúta tí wọ́n kọ orúkọ òkè sí. Ọ̀gá àgbà, ẹni àádọ́rin ọdún, wá gbé fúláàsì tíì ọkà jáde. Ọwọ́ kan ló fi ń bù ú fún wọn, bí àgbà ṣe ń ṣe fún ọmọdé. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Maeng, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di fúláàsì mú.

Gbogbo wọn ló rí i. Lọ́dún tó kọjá, Seok awakọ̀ ló fi ọwọ́ méjèèjì bù ú fún. Yìnyín ò tíì yọ́ tán tí Seok fi kó ẹrù rẹ̀ kúrò níléeṣẹ́. Maeng wo ife náà títí, lẹ́yìn náà ó mu ún, ó sì dúpẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó fara ti èjìká Gyutae, nítorí irin ẹsẹ̀ kan ló kù fún un.

"Mú un jáde," ó rọra wí.

"Kí ni, ẹ̀gbọ́n?"

"Ìwé inú báàgì rẹ. Ta tún ni wọ́n á fún bí kò ṣe ẹni tí mo kọ́ níṣẹ́? Ọmọ rẹ méjèèjì ṣì kéré. Òdòdó kọ́ ló ń so tọkọtaya pọ̀. Mú un wá kí n tọwọ́ bọ̀ ọ́."

Ojú ti Gyutae débi pé ó fẹ́ sunkún. Ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀: kó ṣáà ṣí báàgì.

"Ìrẹsì ló wà nínú báàgì mi, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wo ibi tí ẹ ń tẹ̀."

Ọ̀gá àgbà ti dúró de Gyutae lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ tó wà nísàlẹ̀ òkè. Ó jẹ́ kí Maeng kọjá wọlé ná.

"Ó ti tọwọ́ bọ̀ ọ́?"

"Rárá, sà."

"Ó kọ̀ ni?"

"Mi ò bi í, sà. Mi ò sì ní bi í."

Ọ̀gá àgbà wò ó díẹ̀. Kò bínú. "Ó dáa. Wọlé, ebi ń pa èèyàn."

Wọ́n gbé ọbẹ̀ gbígbóná àti kẹ́tùrù ọtí ìrẹsì wá. Ọ̀gá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í bu ọtí láti ìkángun tábìlì. Ọwọ́ kan ló fi bù ú fún Maeng, ó tiẹ̀ ta sílẹ̀ díẹ̀. Maeng gbójú sókè. Nígbà tó kan Gyutae, ọ̀gá àgbà ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbá kẹ́tùrù mú.

Maeng fi igi ìjẹun rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ ṣé, sà," ni Gyutae wí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àwo ọtí rẹ̀, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ọmọdé ṣe gbọ́dọ̀ ṣe níwájú àgbà, ó sì mu ún tán. Ẹ̀gbẹ́ tó yíjú sí, Maeng ló jókòó síbẹ̀.