Ojú Ìwé Kan Láti Yàrá Opó

Ràfíátù gbé pátákó lé orúnkún, ó tẹ́ ìwé lé e, ó sì gbẹ́ lẹ́ẹ̀dì rẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ fi mú. Kí ó fi Yorùbá ṣàlàyé "put up with" fún àwọn tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn: iṣẹ́ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin, tó ní ilé ìtẹ̀wé ní òpópónà Bajulaiye, ló fi rán Beatrice sí i, aládùúgbò Ràfíátù tó ń kiri ẹja gba ibẹ̀. Bí àlàyé náà bá yéni, yóò gba Ràfíátù síṣẹ́ títo lẹ́tà irin.

Ọdún 1956 ni. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ akọ̀wé, kú, ó sì wọlé opó ní àdúgbò Ladi-Lak: oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá láìjáde. Ó ti lo oṣù mẹ́ta. Bí opó bá parí tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, àwọn ẹbí ti ní Kàsúmù, àbúrò ọkọ rẹ̀, ni yóò ṣú u lópó.

Ó wo ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ìwé atúmọ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Wọn kò sọ ohun gidi kan. Ó kó wọn pọ̀, ó wá ń fi wọ́n sínú gbólóhùn, bí ẹni ń dán kọ́kọ́rọ́ wò. Ó fi èéfín sí i, ó wọ̀ ọ́. Ó fi ariwo àwọn ọmọ ilé sí i, ìyẹn náà wọ̀ ọ́. Ó gbé dòdò gbígbóná sí i, kò wọ̀ ọ́ rárá. Inú rẹ̀ dùn. Ohun tí ènìyàn kò fẹ́ nìkan ló ń gba ibẹ̀!

Kàsúmù yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyàwó wa, ìwé tún ni? Ṣé gómìnà lo fẹ́ dà ni?"

"Iṣẹ́ ni, ọkọ mi."

"Iṣẹ́ kẹ̀! Tó o bá dé yàrá mi, o ò ní ráyè ìwé. O ò kúkú bá mi jà rí. Ṣebí o ti gbà nìyẹn."

Lẹ́ẹ̀dì dúró lọ́wọ́ Ràfíátù. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ọkọ mi. Ibi tó ń dà mí láàmú gan-an lẹ sọ yẹn."

"Ibo nìyẹn?"

"Mo ń fara dà á ni. N kò gbà. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì."

Kàsúmù pòṣé. Ó kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Ràfíátù kọ ọ́: "Kí á fara da ohun tí a kò fẹ́. Kò túmọ̀ sí pé a fẹ́ràn rẹ̀, kò sì túmọ̀ sí pé a gbà á." Ó fi èéfín ṣe àpẹẹrẹ, ó fi ariwo ṣe é. Ẹ̀kẹta, ó fi àlejò tí kì í kan ilẹ̀kùn ṣe é.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Beatrice mú ojú ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ dé. Wọn kò yí ọ̀rọ̀ kan padà. "Ọ̀gá ní Mọ́ńdé àkọ́kọ́ tí opó bá tán ni kí o wá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti gbé àga sílẹ̀ dè ọ́."

Ràfíátù ka ojú ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ku ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.