Báàgì Tí Ẹ̀mú Wà Lápá Òsì

Nígbà tí à ń wí yìí, Bàbá Ìbejì ṣì wà láyé. Ìyá tó bí i wà láyé, ajá tó máa ń sùn dínà lẹ́nu ilẹ̀kùn náà wà láyé. Báàgì iṣẹ́ Bàbá Ìbejì nìkan ló ti kú: ìdí rẹ̀ já, kò ṣeé rán mọ́.

Iṣẹ́ iná ló ń ṣe. Àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀ láti ìgbà òjò, ẹ̀ẹ̀rùn sì ti dé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó dìde jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, “Ìyá Ìbejì, lọ bá mi ra báàgì. Bí mo bá ti rí báàgì, mo ń padà síbi iṣẹ́ nìyẹn.”

Ìyàwó rẹ̀ kò dúró gbọ́ ìkejì kó tó wọ bàtà. Ó ti pẹ́ tó ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun kan tó ń wù ú ni kó tún gbọ́ kí irin máa kan irin láàárọ̀, kí ọkùnrin náà máa súfèé jáde nílé.

Oníbáàgì kó oríṣiríṣi sílẹ̀ fún un.

“Ìyá, ẹ mú èyí tó ní táyà. Wíwọ́ lásán ni bàbá á máa wọ́ ọ.”

“Ṣé yóò máa wọ́ ọ gun àkàbà náà ni?”

Oníbáàgì rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìbejì di ojú, ó ti ọwọ́ bọ èyí tó lẹ́nu gbàǹgbà. Gbogbo irin ni yóò wọ́ jọ sójú kan nínú ìyẹn. Ó ti ọwọ́ bọ èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn. Ó jìn bíi kànga.

“Ìyá, ṣé oorun ń kùn yín ni?”

“Ọkọ mi kì í wo báàgì kó tó mú nǹkan. Tó bá ti pa iná ilé onílé, inú òkùnkùn òkè àjà ló ń wà. Ọwọ́ ló fi ń ríran.”

Níkẹyìn, ó bá ọ̀kan tó ń dá dúró fúnra rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ ń ṣí sí ojú kan ṣoṣo, tí àwọn àpò kéékèèké tò sínú rẹ̀. Kékeré wà, ńlá wà. Kékeré ló yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn. Ṣùgbọ́n bó bá gbé kékeré wọlé, ó ti sọ ohun tí kò fẹ́ fi ẹnu sọ nìyẹn. Ńlá ló rà.

Ọkọ ń sùn nígbà tó délé. Ó jókòó ti báàgì, ó to irin iṣẹ́ sínú rẹ̀. Kò nílò kó bi ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra ló ti ń jókòó wò ó nírọ̀lẹ́, bó ṣe ń nu wọ́n tó ń dá wọn padà. Ẹ̀mú lápá òsì, tẹ́sítà tó fi ń yẹ iná wò láàárín, òòlù lápá ọ̀tún.

Bàbá Ìbejì jí. Ó fa báàgì mọ́ra, ó di ojú. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ tààrà síbi tí ẹ̀mú máa ń wà, òòlù ló bá níbẹ̀.

“Ìyá Ìbejì, ṣé ọwọ́ òsì lo fẹ́ kí n máa fi ṣiṣẹ́ ni?”

Ó wo báàgì, ó wo ọkọ rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e. Ojú lọ̀rọ̀ wà, iwájú rẹ̀ ló sì ń jókòó sí ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Òsì tirẹ̀ ni ọ̀tún ọkùnrin náà. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá ẹ̀rín ọkọ dúró.

“Ẹ gbé e wá, kí n tún un tò.”

“Fi í sílẹ̀.” Ọkọ gbé ọwọ́ lé báàgì náà lórí. “Bó o ṣe ń rí i láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.”

Ọkùnrin tí kì í jẹun bí ẹnìkan bá sún tẹ́sítà rẹ̀ kúrò láyè ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá Ìbejì jókòó. Kò bi í mọ́ pé ọjọ́ wo ni yóò padà síbi iṣẹ́. Ó gbé báàgì náà síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó sì yí ẹnu rẹ̀ sọ́dọ̀ ọkọ.

Lọ́jọ́ tí Bàbá Ìbejì dákẹ́, oòrùn àárọ̀ ti wọlé débi báàgì náà. Ẹ̀mú ṣì wà lápá òsì.