Ilé Tí Wọ́n Ní Yóò Bálẹ̀ Lọ

Mo ti rí ẹni tí ejò bù jẹ, mo ti rí ẹni tó já bọ́ lórí ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n n ò tíì rí ẹni tí ràdíò fẹ́ pa rí. Ọkọ tèmi ni mo kọ́kọ́ rí.

Babalọlá lorúkọ rẹ̀. Abúlé wa kò jìnnà sí Adakplamè, ní apá Kétu, lórí ilẹ̀ pupa tí òjò ń jẹ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀yìnkùlé wa gan-an sì ni ọ̀gbun wà. Nígbà tí mo wọlé ọkọ, ewúrẹ́ ń fò ó kọjá. Ní báyìí, ẹ lè gbé odindi ilé sínú rẹ̀ kí ẹ má rí òrùlé. Ọdọọdún là ń kó ìdọ̀tí dà sí i, a ní à ń dí i. Àwa náà ò kúkú gbọ́n.

Rachidatou ló wá wọ̀n ọ́n, ọmọ Aboubakar aránṣọ ní Kétu. Ó kàwé nípa ilẹ̀ ní yunifásítì: amọ̀, òkúta, bí omi ṣe ń rìn lábẹ́ ilẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, ó mọ̀ ọ́n kí. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù, á kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí mi kó tó fa okùn ìwọ̀n jáde. Á kan èèkàn mọ́ ẹ̀bá ọ̀gbun, nígbà tó bá fi máa padà wá, èèkàn náà á ti ṣubú sínú rẹ̀. Mo máa ń fún un ní gàrí àti ẹ̀pà, á sì máa sọ fún mi pé, "Ìyá, ilé yìí ò ṣeé gbé mọ́ o."

Kì í ṣe ilé tiwa nìkan lọ̀rọ̀ náà kàn, ló bá lọ sọ ọ́ lórí ràdíò kan ní Kétu. Èdè wa ló fi sọ ọ́, inú mi ń dùn, mo ń gbálẹ̀, mo ń gbọ́. Ó ṣàlàyé bí omi ṣe ń wọ abẹ́ amọ̀, gbogbo rẹ̀ ló yé mi. Àfi bó ṣe ní, "Bí òjò ọdún yìí bá pọ̀, ilé bàbá wa, Babalọlá, á bálẹ̀ lọ."

Yéè! Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ta ni kò mọ ọ̀rọ̀ àgbà náà? Ẹni tó bá dalẹ̀, á bálẹ̀ lọ. Ohun tí ọmọ ọlọ́mọ fẹ́ sọ ni pé ilé wa máa yọ̀ wọnú ọ̀gbun. Ohun tí ará abúlé gbọ́ ni pé ọkọ mi bá ẹnì kan mulẹ̀, ó dalẹ̀ onítọ̀hún, ilẹ̀ sì fẹ́ gbé e.

Kí ọjọ́ tó rọ̀, ọ̀rọ̀ ti dé ìlú Odomèta lọ́hùn-ún. Ta ni Babalọlá dà? Ilẹ̀ oko ta ló jẹ? Obìnrin tí a jọ ń fa omi nínú kànga sún korobá rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Èyí tó dun ọkọ mi jù ni ti Sàláwù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Bí Sàláwù bá ti kírun Àsárì tán, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀ wá jókòó. Kò wá mọ́. Ọkọ mi á gbé àpótí méjì síta, á jókòó sórí ọ̀kan, á máa wo èkejì.

Mo ní, "Bàbá Flora, ẹ jẹ́ ká kó lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi ní Kétu."

Ó wò mí. Ó ní, "Bí mo bá kó lọ lónìí, kí ni wọ́n máa sọ?"

Òun náà ló dá ara rẹ̀ lóhùn.

"Wọ́n á ní mo sá. Wọ́n á ní ilẹ̀ ló lé mi. Ìyá Flora, n ò dalẹ̀ rí láyé mi. Inú ilé mi ni n ó wà."

Bẹ́ẹ̀, ògiri yàrá ti là, mo lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, òjò sì ń ṣú. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí, tòun ti oríkunkun rẹ̀. Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo sunkún títí.

Ibẹ̀ ni Rachidatou bá mi. Kò tíì kúnlẹ̀ tán tí mo fi bú sí i. "Ìwọ ọmọ yìí, ọ̀gbun lo wá wọ̀n, àbí sàréè ọkọ mi?" Mo sọ gbogbo ohun tí ẹnu rẹ̀ dá sílẹ̀ fún un. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ìyá, ilẹ̀ tó ń yọ̀ ni mo ní lọ́kàn. Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa. Mo kàn ń wá bí n ó ṣe sọ ọ́." Lòun náà bá bú sẹ́kún. Kí ni kí n wá ṣe? Mo fa á mọ́ra.

A jókòó sórí odó, a ń wá ọ̀rọ̀. Mo bi í pé ta ló ń gbé ilẹ̀ náà lọ gan-an. Ó ní omi ni. Mo ní omi wo? Ó ní omi òjò tó ń wọ́ lọ. Mo ní, "Àgbàrá nìyẹn." A wo ara wa. Àwa méjèèjì la jọ pa á pọ̀ pé àgbàrá òjò ò lóun ò ní wólé, onílé ni ò ní gbà fún un. Ẹ̀rín gbà wá tòun ti omijé lójú.

Lọ́jọ́ kejì, ó bẹ ṣẹ́fù, olórí abúlé wa, ṣẹ́fù sì pe gbogbo ènìyàn jọ sẹ́bàá ọ̀gbun. Sàláwù náà wá, ó dúró lẹ́yìn pátápátá. Rachidatou kúnlẹ̀ níwájú ọkọ mi lójú gbogbo ayé.

"Bàbá, mo ṣì í sọ. Ilẹ̀ ò bá yín jà. Ilẹ̀ gan-an ni wọ́n ń jí gbé."

Ó bu ilẹ̀ pupa sínú ọpọ́n méjì. Ó gbin koríko sórí ọ̀kan, ó fi èkejì sílẹ̀ ní ìhòòhò. Ó bu omi lé wọn lórí. Omi ti ìhòòhò gbá gbogbo ilẹ̀ lọ, ti koríko fẹ́rẹ̀ẹ́ má mú nǹkan kan. "Ẹ wò ó, àgbàrá nìyí. Kò mọ ọ̀dàlẹ̀, kò mọ olóòótọ́. Lẹ́yìn ilé bàbá, ilé Adéoyin, obìnrin tó múlé tì wọ́n, ló kàn. Lẹ́yìn náà, ó di ti ṣẹ́fù."

Ṣẹ́fù wúkọ́. Ẹnì kan kígbe pé, "Háà, ṣẹ́fù, ta lẹ dà?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Sàláwù ò rẹ́rìn-ín. Ó la àárín èrò kọjá, ó wá dúró síwájú ọkọ mi. Ó ní, "Babalọlá, mo gbọ́ ohun burúkú nípa rẹ, mo sì jókòó sílé mi. Dárí jì mí. Wá máa sùn lọ́dọ̀ mi."

Kò sẹ́ni tó ń gba ọ̀dàlẹ̀ sùn sílé, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ọkọ mi gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó fi apá ẹ̀wù nu ojú. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n bá wa kó ẹrù lọ sílé Sàláwù, títí kan ilẹ̀kùn. Obìnrin kànga yẹn ló ru ìkòkò mi.

Òjò ńlá rọ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, a lọ wò ó: a bá ọ̀gbun, a ò bá ilé. Inú ilé yẹn ni mo ti bí gbogbo ọmọ mi. Mo di ọkọ mi lápá mú, mo rò pé yóò ṣubú. Ó yíjú sí Rachidatou, tí òun náà ti sáré dé, ó ní, "Adéoyin ńkọ́?"

"Bàbá, ó ní òun ò lọ síbì kankan. Ó ní níbo lòun ó kó ọmọ mẹ́ta lọ?"

Ọkọ mi ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Ó gba ọ̀dọ̀ Adéoyin lọ, àwa ń sáré tẹ̀ lé e. Obìnrin náà dì mọ́ férémù ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ti múra ìjà. Mo rò pé ọkọ mi máa sọ nípa àgbàrá. Kò sọ ọ́. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi ní, "Adéoyin, ọmọ mi, kó àwọn ọmọ, ẹ wá máa sùn lọ́dọ̀ wa."

Sàláwù fa ẹ̀wù rẹ̀ lẹ́yìn. "Lọ́dọ̀ yín kẹ̀? Ilé ta?"

"Ilé wa," ni ọkọ mi wí, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

Sàláwù rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ náà sí èjìká.