Ọ̀dà Tí Wọ́n Fún Àwọn Ọmọ

Àgbàlagbà ni wọ́n ń pè é nílé, bẹ́ẹ̀ òun ni àbíkẹ́yìn. Láti kékeré ló ti máa ń dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án, ni orúkọ náà bá mọ́ ọn lára. Nígbà tí bàbá rẹ̀, tó ní ilé iṣẹ́ ọ̀dà, dá àjọ ìrànwọ́ ìdílé wọn sílẹ̀, òun ló fi ṣe alábòójútó. Àjọ náà ló ń gbọ́ bùkátà ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé kan, òun náà ló sì ni yàrá kan nítòsí ibẹ̀ tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ àwòrán yíyà.

Lọ́jọ́ tí ìdílé fẹ́ fẹnu kò láti ṣí irú yàrá bẹ́ẹ̀ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan, dókítà ilé ìwòsàn náà pè é lórí fóònù.

"Ẹ má bínú mà, ọ̀rọ̀ yìí ò ṣe é fi falẹ̀. Àwọn ọmọ tí inú ń run, tí ara wọn sì ń funfun bí ẹni tí kò lẹ́jẹ̀, a ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Òjé ló wà nínú ẹ̀."

"Òjé inú bátìrì?"

"Òun náà ni. Tó bá pẹ́ lára ọmọ, ọpọlọ ló ń bà jẹ́. Ilé wọn ò papọ̀, omi tí wọ́n ń mu ò papọ̀. Yàrá àwòrán yẹn nìkan ló pa wọ́n pọ̀."

Àgbàlagbà mọ̀ pé wọ́n ń fi òjé sí ọ̀dà mìíràn, ó sì mọ ibi tí ọ̀dà yàrá náà ti ń wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń darí ilé iṣẹ́, ló ní kí wọ́n má ṣe ra ọ̀dà níta, pé a kì í gbé létí odò ká máa fi itọ́ bọ́jú.

Nígbà tó dé pálọ̀ bàbá wọn, ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀. Kò tilẹ̀ jókòó tó fi sọ ohun tí dókítà wí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ pòṣé.

"Àgbàlagbà tún ti dé! Ọ̀dà tí gbogbo ayé fi ń kun géètì?"

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ọ̀dà géètì lẹ bù fún àwọn ọmọ?"

Ọkùnrin náà wojú bàbá wọn kó tó dáhùn. "Mo ní kí wọ́n pò ó kó ṣàn díẹ̀ ni. Àwọ̀ ìyeyè rẹ̀ ló tàn jù. Ta ló mọ̀ pé ọmọ á máa lá ọ̀dà?"

"Ọmọ ni wọ́n! Ẹnu ni wọ́n fi ń mú kí búrọ́ọ̀ṣì wọn ṣe ṣóńṣó."

Bàbá gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ jẹ́ kó mọ láàárín wa ná. Ká wá ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀, kó yẹ̀ ẹ́ wò."

"Bàbá, òní ni àwọn ọmọ ń kọ́ àwòrán. Wọ́n ti jókòó ti ọ̀dà báyìí."

"Bí o bá lọ tú u síta," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, "ilé iṣẹ́ parí nìyẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ wa náà lọ́mọ nílé. Kí ni wọ́n fẹ́ fún wọn jẹ?"

Ọ̀rọ̀ yìí gún un lára. Àwọn òṣìṣẹ́ náà ló gbé e pọ̀n nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn.

"A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, Bọ̀ọ̀dá," ló wí, ó sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Àgbàlagbà!" ni bàbá rẹ̀ pè. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò tíì sí ìgbà tí bàbá rẹ̀ pè é tí kò dúró. Lọ́tẹ̀ yìí, kò dúró.

Eré ló sá dé yàrá àwòrán. Àwọn ọmọ tẹrí ba sórí tábìlì kéékèèké, ọ̀dà ti dé ìgbúnwọ́ ẹlòmíràn. Ọmọbìnrin kan tí kò ní eyín iwájú fi búrọ́ọ̀ṣì sẹ́nu.

"Ẹ gbé e sílẹ̀! Gbogbo yín, ẹ gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀!"

Ọmọ náà bú sẹ́kún. Tíṣà wọn dìde. "Àǹtí, kí ló dé? Ẹ̀ ń dẹ́rù bà wọ́n o."

Àwọn ìyá tó jókòó síta ya wọlé. Ìyá ọmọ tó ń sunkún gbé e mọ́ra. "Kí lọmọ mi ṣe yín?"

Kí Àgbàlagbà tó dáhùn, ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ lẹ́yìn. Ó ti gbà pé bàbá náà wá pa òun lẹ́nu mọ́ ni.

Bàbá kò wo ojú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọmọ náà ló lọ. Ó rí ọ̀dà ìyeyè ní ètè rẹ̀, ó fa áńkáṣíìfù yọ, ó rọra ń nù ún.

"Ìyá ọmọ, èmi ni mo ni ọ̀dà yìí. Kò yẹ kó dé ẹnu ọmọ. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa máa lọ sí ilé ìwòsàn."

Ìyá kan ké. Òmíràn bú bàbá náà tìyá-tìyá. Bàbá tẹrí ba, ó gbà á.

Owó tí wọ́n fẹ́ fi ṣí yàrá tuntun, ìtọ́jú àwọn ọmọ ni gbogbo rẹ̀ bá lọ. Wọn ò ṣe ọ̀dà géètì náà mọ́, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kan. Ẹ̀gbọ́n Àgbàlagbà kì í bá a sọ̀rọ̀. Bó bá kí i, orí lásán ló ń mì. Ara ọ̀pọ̀ ọmọ ti yá. Ti ọmọbìnrin tí kò ní eyín iwájú yẹn ni kò tíì dá dókítà lójú, torí ó máa ń gbàgbé ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Àgbàlagbà ń lọ kí i. Lákọ̀ọ́kọ́, ìyá ọmọ náà kò ṣílẹ̀kùn. Títí dòní, kò tíì rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n ó ti ń fún un ní àga.